Ìwé Orúkọ Tí Mo Kọ̀ Láti Ṣí

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wá kí mi nílé mi ní àdúgbò Fate níjọ́ kan, ó ní òun ti rí iṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ kí ni? Ó ní òun ni yóò máa bójú tó àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù iléeṣẹ́ kan lórí fóònù. Òun ni yóò máa gbà wọ́n wọlé, òun ni yóò máa pa ọ̀rọ̀ tí kò dára rẹ́, òun náà ni yóò máa là wọ́n níjà bí wọ́n bá ń bú ara wọn lórí bóyá ó yẹ kí ènìyàn fi ṣúgà sínú ẹ̀wà. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ tuntun ni o. Kò sí irú ẹ̀ láyé ìgbà yín."

Mo ní kó gbé àga sún mọ́ mi. Iṣẹ́ tuntun wo? Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ni ọmọ àná ń pè ní tuntun! Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síhìn-ín fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń wo irú iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe jẹun. Àwọn kan tó mọ̀ mí dáadáa yóò kà á pẹ̀lú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kà á.

Sàráátù ni orúkọ mi. Mo kàwé gboyè lórí èdè Yorùbá, iléeṣẹ́ rédíò kan nílùú Ìlọrin sì gbà mí síṣẹ́ ní àwọn ọdún tó kángun sí 1990. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ohun tí à ń rò, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo rò pé wọn yóò gbé mi síwájú ẹ̀rọ, kí gbogbo ìlú máa gbọ́ ohùn mi. Yàrá lẹ́tà ni wọ́n mú mi lọ, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé, tó ń rùn bí ìwé tí òjò ti pa rí.

Ètò kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ojúde Wa. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wáyé. Kì í ṣe ètò òṣèlú, kì í ṣe wáàsí. Àwọn olùgbọ́ ló máa ń kọ lẹ́tà wá, wọ́n á sọ tinú wọn lórí àwọn ohun kékeré tí ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́, àwa á sì kà á sétí ara wọn. Ṣé ó yẹ kí ọkùnrin bá ìyàwó rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà? Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ènìyàn, ẹni tó ń kọjá lọ ni àbí ẹni tó jókòó? Ṣé wàrà tí a kò dín ṣeé fi sínú ọbẹ̀? Ẹnì kan á sọ tirẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kẹta á wá fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àríyànjiyàn tí ẹ̀yin ń jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oṣù méjì la fi ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, adùn rẹ̀ kò sì ní tán.

Olúkúlùkù ló ní orúkọ ìnagijẹ tó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí kò bá ní orúkọ gidi àti orúkọ agbo ilé nísàlẹ̀, a kì í kà á. Bí a bá ti rí orúkọ gidi, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo pupa, orúkọ ìnagijẹ lápá kan, orúkọ gidi lápá kejì. A ó wá gé ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà kúrò, a ó sun ún. Ìwé Orúkọ là ń pe ìwé pupa náà. Ènìyàn méjì péré ló ń ṣí i, èmi àti Bàbá Sàláú.

Bàbá Sàláú ni ọ̀gá yàrá lẹ́tà. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ̀yìn tì kó tó wá síbẹ̀. Kò mú pàṣán wá, nítorí kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹnu ló fi ń na ènìyàn. Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ló na èmi.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wa jù ni àgbẹ̀ kan láti abúlé lẹ́yìn ìlú, Olóko Ẹ̀gẹ́ lorúkọ tó ń jẹ́ lórí rédíò. Ó ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ ebè, ìlà kan á ga, ìlà kan á lọ sílẹ̀, kò sí àmì, kò sí ibi ìdánudúró. Èmi akọ́wé, mo mú lẹ́tà rẹ̀, mo tún un kọ lédè tó gún régé, mo sì gbé e fún Bàbá Sàláú pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó kà á tán, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?"

"Olóko Ẹ̀gẹ́ ni, sà."

"Irọ́ ni. Olóko Ẹ̀gẹ́ kò mọ 'ní ìbámu pẹ̀lú'. Ìwọ lo kọ ọ́."

"Mo kàn tún un ṣe ni, sà. Àṣìṣe pọ̀ nínú ẹ̀."

"Ṣé ó rán ọ níṣẹ́ pé kó o wá bá òun fọ ẹnu ni?"

Ó ní kí n mú ojúlówó lẹ́tà náà wá.

"Jókòó. Da lẹ́tà rẹ̀ kọ bó ṣe kọ ọ́ gan-an, ti ebè ti poro, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tó o bá fi máa parí, ọwọ́ rẹ á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tìrẹ."

Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ràmọ́tù, tó ń tẹ̀wé fún wa, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń fi ẹnu bo ẹ̀rín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, akẹ́kọ̀ọ́ gboyè," ló ń wí lábẹ́lẹ̀. Kí ẹ mọ Ràmọ́tù yìí. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ọ́ dé ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, mo ti ń rẹ́rìn-ín níbi tó fẹ́ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí àpò ìwé lókèèrè, mo ti mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Òfin Bàbá Sàláú tó le jù ni ti dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ dé orí afẹ́fẹ́ àfi tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo máa fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ wé ti àtẹ̀yìnwá, tí mo máa wo Ìwé Orúkọ, tí mo máa bi ara mi léèrè pé ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa dun. Bàbá máa ń wí pé, "Ẹni tó bínú lọ́jọ́ Ajé lè máa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Lẹ́tà tó bá ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, iná gidi ló wà níbẹ̀." Ẹni tó bá sì dárúkọ ìyá ẹlòmíràn nínú lẹ́tà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò ní gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn tó ṣèèṣì ṣe é rí kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Wàrà. Ìyá Wàrà nìyí, òun ni ọ̀tá Olóko Ẹ̀gẹ́ lórí ètò wa, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí gbogbo ìlú fẹ́ràn.

"Ta ni Ìyá Wàrà? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n báyìí báyìí!"

Bàbá Sàláú gbé ojú sókè. "Èmi ni."

"Bàbá, mo ní Ìyá Wàrà."

"Mo ní èmi ni. Ti kọ́bọ̀ mélòó lẹ fẹ́ rà?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó yíjú padà, ó lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nínú ọgbà, Bàbá kọjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Sàráátù, ṣé o rí i? Ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ síkàáwọ́ ẹni, ara rẹ̀ ló fi síkàáwọ́ ẹni. Wọn yóò bẹ̀ ọ́, wọn yóò halẹ̀ mọ́ ọ. O ò gbọdọ̀ ṣí i."

Àríyànjiyàn tó sọ Olóko Ẹ̀gẹ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ti bìsímílà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Ìlọrin, bí a bá ń jẹun tí ẹnì kan wọlé, a ó ní "Bìsímílà", ìyẹn ni pé kó wá bá wa jẹ ẹ́. Ẹni tó wọlé á ní "Kó gba ibi ire", á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olóko Ẹ̀gẹ́ kọ̀wé pé òun kò gba ìyẹn. Ó ní, "Bí ẹ bá ní bìsímílà fún mi, ọwọ́ ni mo máa fọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n jẹ, ẹ kí mi pé ẹ káàsán."

Ìyá Wàrà dá a lóhùn: "Olóko Ẹ̀gẹ́, ìwọ lò ń jẹ́ ká tètè rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Òkèlè tí mo kà fún ọmọ mẹ́rin, ṣé ìwọ lọmọ karùn-ún? Fi irùngbọ̀n rẹ sílẹ̀ nílé kó o tó wá."

Ó fèsì: "Ìyá Wàrà, ẹni tó ń ka òkèlè kì í pe àlejò. O fẹ́ gba láádá ẹni tó fúnni lóúnjẹ, o sì fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀hún tán."

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Tanke kọ̀wé pé àwọn wà lẹ́yìn Olóko Ẹ̀gẹ́, pé àwọn ti ń fọ ọwọ́. Àwọn ìyálé ilé ní àwọn wà lẹ́yìn Ìyá Wàrà. Kódà àáfà kan dá sí i, ó bú àwọn méjèèjì. Tí mo bá wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà ni. Tí mo bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ náà ni. Kò sì sí ẹni tó mọ ojú àwọn méjèèjì. Èmi àti Bàbá Sàláú nìkan ló mọ orúkọ wọn, ẹnu wa sì dákẹ́.

Bàbá Sàláú fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ayé sílẹ̀. Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ipò rẹ̀ ni wọ́n gbé ọkùnrin kan sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù. Bí mo ti ń ṣe sí orúkọ ènìyàn nìyẹn, tirẹ̀ náà jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọ̀gá Tuntun ni mo máa pè é.

Ọ̀gá Tuntun mú ohun èlò tuntun wá, mo sì gbọdọ̀ sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Ó gba fóònù fún ètò náà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè wá sọ̀rọ̀. Ó mú ẹ̀rọ téèpù tuntun wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó tú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ sórí tábìlì.

"Kí lèyí, Hájíyà?"

"Àwọn lẹ́tà tí ọjọ́ wọn kò tíì pé ni, ọ̀gá."

"Ọjọ́ wo? Rédíò là ń ṣe níbí, a ò ṣe ilé ìtọ́jú aláìsàn. Èyí tó bá dé lónìí, ká kà á lónìí."

Mo bá a jiyàn. Ó ní mo ti di èèyàn àtijọ́. N kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ nígbà náà o! Ìwé Orúkọ nìkan ni kò rí gbà, nítorí inú àpótí mi ló wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, mo lọ kó lẹ́tà wa ní Post Office bí mo ti máa ń ṣe. Mo gbé àpò náà sórí, mo ń bọ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, ètò wa ló sì ń gbọ́. Ohùn Ọ̀gá Tuntun ni mo gbọ́, ó mú ohùn náà rọ̀ bíi ti ẹni tó ń sunkún. Ó ní lẹ́tà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ òun lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, láti ọwọ́ ẹbí Olóko Ẹ̀gẹ́. Olóko Ẹ̀gẹ́ ti kú. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Atúnrédíòṣe náà ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Súbúhánà! Olóko Ẹ̀gẹ́ tó máa ń fọ ọwọ́?"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo gbé àpò lẹ́tà sórí itan, mo sì rọra ń wá inú rẹ̀. Bóyá mo ń wá lẹ́tà rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni, n kò mọ̀. Ọwọ́ mi bà á lóòótọ́. Ebè àti poro. Òkè rẹ̀ ló kọ ọjọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: Ọjọ́rú. Àná ọjọ́ náà! Ẹni tí wọ́n sin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń bèèrè lọ́jọ́ Ọjọ́rú pé ṣé kò burú kí àlejò fúnra rẹ̀ bèèrè omi ìfọwọ́.

Mo ya ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà kúrò níbi tí orúkọ gidi wà, mo fi sápò, mo sáré. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, fóònù kò dákẹ́. Ìyá Wàrà fúnra rẹ̀ wà lórí afẹ́fẹ́, ó ń sunkún débi pé a kò gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí. Ohun tí mo gbọ́ ni: "Ta ni mo máa bá jà báyìí? Ẹ sọ fún mi, ta ni mo máa bá jà?"

Mo fa Ọ̀gá Tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi lẹ́tà hàn án. Mo rò pé ojú yóò tì í. Ojú rẹ̀ kàn tàn yòò ni.

"Ó wà láàyè? Hájíyà, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ohun tó ń lọ! Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òkú máa sọ̀rọ̀ lórí ètò wa. Ẹ mú Ìwé Orúkọ wá, kí n rán ọkọ̀ lọ gbé e."

"Ọ̀gá, a ò tíì mọ ẹni tí wọ́n sin. Ẹbí kan wà níbì kan tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta Bàbá Sàláú ti bá a lọ sí sàréè. Ẹ mú ìwé wá."

Mo ní kọ́kọ́rọ́ wà nílé, bẹ́ẹ̀ ọrùn mi ló wà. Nígbà tí a jáde níṣẹ́, mo fi ìbòrí mi wé Ìwé Orúkọ, mo gbé e lọ sílé. Bó ṣe di pé mo jalè nìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ ti ògiri yàrá lẹ́tà, ó bọ́ fìlà, ó kí mi. Ọ̀gá Tuntun kò sí níbi iṣẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin ni Hájíyà onílẹ́tà?"

"Èmi ni. Ta lẹ ń wá, bàbá?"

"Mo wá fi ara mi hàn yín ni. Èmi ni òkú yín."

Mo fún un ní àga. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi nìyí. Káfíńtà kan wà ní abúlé kejì sí tirẹ̀, ọlọ́yàyà èèyàn, tó ń kan òrùlé káàkiri. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ Olóko Ẹ̀gẹ́ lójú, káfíńtà yìí ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ni. Ìyàwó rẹ̀ gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbé rédíò sójúde, ará abúlé á pé jọ, bí wọ́n bá ka lẹ́tà tán, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó kú, ẹbí rẹ̀ fi tọkàntọkàn kọ̀wé sí wa. Wọn kò purọ́. Òun nìkan ló purọ́, ó sì ti kú.

"Inú bí mi," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyàwó tèmi kò mọ̀ pé èmi ni, torí n kì í fọ́nnu. Mo lọ síbi àdúrà fidáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ lánàá láti tú u fó lójú gbogbo èèyàn. Mo débẹ̀, èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Tanke. Opó rẹ̀ gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí ẹní. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kí àlejò, wọ́n ń gbéra ga nínú ẹkún. Wọ́n gbé sàráà jáde, obìnrin náà ní kí gbogbo èèyàn fọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kó gba ibi ire, pé bí ọkọ òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni n bá ṣe, Hájíyà? Mo fọ ọwọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lẹ́mọ́mù ní kí Ọlọ́run forí ji Olóko Ẹ̀gẹ́. Èmi náà ṣe àmín."

Ó yí fìlà lọ́wọ́ títí. Ó ní kí n jẹ́ kí káfíńtà náà gba orúkọ náà lọ. Pé àwọn ọmọ náà kò ní ogún mìíràn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bí èyí bá máa dá wàhálà sílẹ̀ fún yín níbí, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá wá."

Mo ní, "Ẹ má wá, bàbá. Ẹ padà sí oko yín."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Tuntun ní kí n ṣí Ìwé Orúkọ. Mo ní n kò ní ṣí i. Ó ní ìwé iléeṣẹ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Ó rí i pé òun kò ní rí òkú tó ń sọ̀rọ̀ gbà mọ́, ó sì ti ń bẹ̀rù kí àwọn ọ̀gá òkè má gbọ́ pé lẹ́tà ẹnu géètì lòun kà láì wádìí. Ó bá yí ọ̀rọ̀ dà. Ó kọ kúẹ̀rì fún mi, ìyẹn ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi. Ó ní Olóko Ẹ̀gẹ́ ti kú lóòótọ́, pé èmi ni mo jókòó kọ lẹ́tà Ọjọ́rú láti fi tàbùkù òun. Pé bóyá èmi ni mo ti ń kọ gbogbo lẹ́tà láti ọjọ́ yìí wá.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ mi. Wọ́n gbé lẹ́tà náà sókè, wọ́n ní kí ló dé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya, bí ẹni pé kì í ṣe bí a ti ń ṣe sí gbogbo lẹ́tà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Ràmọ́tù.

Ràmọ́tù dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra. Ó ní òun fi ojú ara òun rí mi, tí mo ń kọ lẹ́tà Olóko Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú irú ọwọ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, sà. Mo kà á."

Ràmọ́tù, ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. O kò purọ́ ẹyọ kan. O kàn gbàgbé láti sọ pé ọ̀gá wa ló fi jẹ mí níyà, pé o wà níbẹ̀, pé o rẹ́rìn-ín. Oṣù kejì sí i ni wọ́n fún ọ ní ìgbéga. Mo kí ọ kú oríire ìgbéga náà nígbà yẹn. Mo tún kí ọ báyìí.

Alága wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Hájíyà, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ fi orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo hàn wá, a ó rán ẹni lọ wò ó, a ó sì dá yín láre."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ronú kan àwọn ọmọ káfíńtà. Mo mọ̀ pé bí ẹni tí wọ́n rán bá dé abúlé Olóko Ẹ̀gẹ́, ìròyìn á dé ti káfíńtà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

"N kò kọ lẹ́tà náà," ni mo wí. "N kò sì ní ṣí ìwé."

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ń fà lẹ́sẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n mú mi kúrò lórí Ojúde Wa, wọ́n jù mí sí yàrá téèpù àtijọ́. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo ń nu eruku kúrò lára ohùn àwọn ẹlòmíràn. Tí mo bá ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ìyá tó ń fi ọwọ́ òkú kọ̀wé nìyẹn." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lówó là ń ra èké.

Ètò náà di ti fóònù nìkan. Láì sí ọjọ́ mẹ́ta, láì sí ìwé orúkọ, ẹnikẹ́ni ń pè, ó ń bú ìyá ẹnikẹ́ni, wọ́n ní òun ló ń dùn mọ́ àwọn olùgbọ́. Kò tó ọdún méjì tó fi parẹ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn, ìwé bíi mẹ́ta péré ló wọlé.

Ìyá Wàrà kọ lẹ́tà kan gbẹ̀yìn, orúkọ mi ló sì kọ sí i. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ nípa ikú ọ̀tá òun, ẹnikẹ́ni tó bá ní bìsímílà fún òun, òun ń fọ ọwọ́. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ti ń fi ìkòkò pamọ́ fún òun. Mo mú gègé láti sọ fún un pé ọ̀tá rẹ̀ ń bẹ láàyè, pé ó ń roko. Mo tún gbé gègé náà sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ mi, èyí ló dùn mí jù.

Kí ló dé tí mo wá ń sọ ọ́ nísinsìnyí? Nítorí pé opó náà ti kú, Olóko Ẹ̀gẹ́ gidi pẹ̀lú ti jáde láyé, àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká. N kò dárúkọ abúlé, ẹ kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ìwé Orúkọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi nítorí rẹ̀, ilé mi kò ṣòro mọ̀. Kó ti ilẹ̀kùn, n ó ṣí i. Ìwé náà ni n kò ní ṣí.

Bí ẹ bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ̀ pé ìjà tí ènìyàn ń fi ṣeré lójúde kò léwu. Ìkánjú ẹni tó ń bójú tó o ló léwu. Ọ̀pọ̀ yín ni wọn yóò sì fi iṣẹ́ yín dán wò kí ẹ tó mọ̀ pé ìdánwò ni.

Ọjọ́ tí mo ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àpèjẹ díẹ̀ fún mi. Ọ̀gá Tuntun wá, ó ti di ẹni ńlá pátápátá nígbà náà, irun rẹ̀ ti funfun. Ó sọ̀rọ̀ ìyìn nípa mi lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, ó sún mọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Hájíyà, ọ̀rọ̀ ti di àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, láàárín èmi àti ẹ̀yin. Ọkùnrin tó kọ lẹ́tà Ọjọ́rú yẹn, ta ni?"

Nítorí náà, ó mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní, ó mọ̀ pé n kò purọ́, ó sì jẹ́ kí n lo gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nínú eruku. Mo gbé àpò mi kọ́ apá. Mo wò ó lójú dáadáa.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹnu ara yín lẹ fi kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ó ti kú."